Ìtì Igi Tí A Kò Kùn

                                        Ojúlé Kẹtàlá,
                                        Òpópónà Ẹsẹ̀-Òkè.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi tí ó di àna mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí, mo kí ọ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ìkíni parí. Ṣé ara rẹ le? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ọ lọ sí ọ́fíìsì tuntun yẹn ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ oògùn? Àbúrò mi tí a fi fún ọ ńkọ́, ṣé kò tíì lé ọ jáde nítorí ìbọ̀sẹ̀ tí o máa ń jù káàkiri ilé? Bá mi kí i dáadáa. Sọ fún un pé fọ́tò àwọn ọmọ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, níbi tí oníbàárà kò ti lè fi ọwọ́ tó ní íǹkì kàn án. Imú ìdílé wa ni àbígbẹ̀yìn yín gbé wá sáyé, kò sí ohun tí a lè ṣe sí ìyẹn mọ́. Ní tiwa níbí, ìyàwó mi wà, àwọn ọmọ wà, oúnjẹ ń wọ ẹnu. Èmi nìkan ni kò wà dáadáa.

Láti oṣù tó kọjá ló yẹ kí n ti kọ lẹ́tà yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí àgékù pépà ní ilé iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fà á ya. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa tí a ń la ọ̀nà òkè yóò kọ̀wé sí ọ láìpẹ́, nítorí orúkọ rẹ ló ṣíwájú nínú ìwé ẹgbẹ́, mi ò sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Wọ́n ti ti òkè wa. Gbogbo ọ̀nà tí a fi ọdún mọ́kànlá là, láti ẹ̀yìn ilé ìwé títí dé orí àpáta, wọ́n ti tì í pa. Èmi ni mo sì fà á, lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ayùn, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ẹnu ara mi.

Jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. O mọ bí òkè náà ṣe rí nígbà tí o fi wá sílẹ̀, ṣùgbọ́n o kò mọ bó ṣe dà lẹ́yìn rẹ. Ọ̀nà méje ló wà níbẹ̀, tí wọ́n so mọ́ ara wọn. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ń tẹ̀lé àmì ọ̀dà búlúù lára igi, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń tẹ̀lé pupa. Níbi tí méjèèjì bá ti pàdé, a máa ń gbé ìtì igi dábùú ọ̀nà, kí ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lè rọra tàbí kó bọ́ sílẹ̀. Ìwọ lo mú àṣà yẹn wá. “Ìtì ìjánu” lo pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ẹgbẹ́ ń pè é. Láti ọdún kẹta ni a sì ti ń kun òrùka funfun sí ara ìtì kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá ń palẹ̀ igi mọ́ lẹ́yìn ìjì lè mọ̀ pé èyí kì í ṣe igi tó wó, pé a mọ̀ọ́mọ̀ gbé e síbẹ̀ ni.

Ìtì àkọ́kọ́ pàá, èyí tí èmi àti ìwọ yí sọ̀ kalẹ̀ sí kọ́nà tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ti ń jáde láti etí odò, òun nìkan ni kò ní òrùka. Nígbà tí ọ̀dà dé, ìwọ ní kí á lọ kùn ún. Èmi ni mo ní kò pọn dandan, pé ta ni yóò fọwọ́ kàn án, ṣebí àwa méjèèjì la gbé e síbẹ̀, àwa méjèèjì la mọ̀ ọ́n. Mo tilẹ̀ fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọwọ́ rẹ yá sí ọ̀dà ju ṣọ́bìrì lọ. O rẹ́rìn-ín, o sì gbà fún mi. Ìwọ ti ń gbà fún mi jù.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹjọ, ìjì kan jà tó ká páànù ilé ìwé, tó sì da igi rẹpẹtẹ sí ojú ọ̀nà wa. Àwa mẹ́rin ló yẹ kí á jọ lọ palẹ̀ rẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n òjò kò tíì dá, àwọn yòókù sì ní kí á fi í di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. O mọ̀ mí. Igi kò lè dábùú ọ̀nà lójú mi kí n kọjá lọ, ìdí tí ẹ fi sọ mí ní Aláyùn náà nìyẹn. Mo gbé ẹ̀rọ ìgégi kọ́ èjìká, mo dá lọ. Mo ti gé igi mẹ́rìndínlógún kí n tó dé kọ́nà odò. Omi ti kún bàtà mi, tíì gbígbóná ni mo ń rò. Ẹ̀ka ńlá kan ti já lu ìtì wa, ewé sì bo àwọn méjèèjì mọ́lẹ̀. Mo gé ẹ̀ka, mo gé ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ ti ègé wọn sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìsàlẹ̀, mo bojú wẹ̀yìn wo ọ̀nà tó mọ́ tónítóní. Inú mi dùn, ọ̀rẹ́ mi. Pẹ̀lú orin lẹ́nu ni mo fi lọ sílé.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà ni Ìyá Tíṣà ń jáde láti etí odò, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀. O mọ̀ pé bí kò bá sí obìnrin yẹn, a ò ní ọ̀nà kankan. Òun ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá àwọn onílẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nílé wọn, lẹ́yìn tó ti fẹ̀yìn tì, títí wọ́n fi gbà kí á la ilẹ̀ wọn kọjá. Àfẹ́fẹ́, káfíńtà wa, ló sì ń bọ̀ látòkè lórí kẹ̀kẹ́. Kò sí pátákó kan lórí òkè náà tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde, òun náà ló kan afárá méjèèjì. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi ń gun ọ̀nà yẹn. Ìtì wa ló fi ń mọ̀ pé kọ́nà ti dé: bó bá ti rí i ni yóò tẹ bíréèkì. Lọ́jọ́ yẹn, ó ń wá ìtì, kò rí ìtì, ó rò pé òun kò tíì dé ibẹ̀. Ìyá Tíṣà ló rí lójijì.

Egungun ìbàdí ìyá náà fọ́, apá rẹ̀ ọ̀tún ṣẹ́. Àfẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lójú, ló tú pákó mẹ́ta lára afárá tó kàn, orí pákó yẹn ni àwa tí a sáré gòkè nígbà tí a gbọ́ tẹ́ ìyá sí tí a fi gbé e sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ gbé wọn lọ tán, mo padà lọ síbẹ̀ láti lọ mú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo bojú wo ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Ègé igi oríṣi méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ já, inú rẹ̀ funfun. Èkejì ti gbó, nǹkan tútù aláwọ̀ ewé ti hù bò ó, ojú àáké rẹ ṣì wà ní ìdí rẹ̀, níbi tí o ti ṣá a ní ìṣákúṣàá. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ fún wọn. Ohun tí mo ṣe ni pé mo kó ewé, mo fi bò ó.

A ṣe ìpàdé ní ọjọ́ Ẹtì, nínú kíláàsì kan ní ilé ìwé, lórí àwọn àga kékeré tí orókún àgbà kì í wọ abẹ́ tábìlì wọn. Wọ́n ní àgbàrá ló gbé ìtì lọ. Àfẹ́fẹ́ ń sọ pé òun ń wá ìtì ni, pé ìtì yẹn ló máa ń sọ fún òun pé kọ́nà dé. Akọ̀wé ní, “Ṣé ìtì ló ń gun kẹ̀kẹ́ ni àbí ìwọ?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá Onílẹ̀ wà níbẹ̀, opó tó ni ilẹ̀ àárín, níbi tí ọ̀nà òkè àti ọ̀nà ìsàlẹ̀ ti so pọ̀. Bí òun bá fa ilẹ̀ rẹ̀ yọ, ọ̀nà wa kò jẹ́ nǹkan kan mọ́. Ó ní òun kò ní ti ọ̀nà, ṣùgbọ́n káfíńtà yẹn kò gbọ́dọ̀ gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè mọ́ láyé rẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ mí kanlẹ̀. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́. Ọ̀rẹ́ mi, mo nawọ́. Àfẹ́fẹ́ gbé àṣíborí rẹ̀ sórí tábìlì, ó jáde láìwo ẹnikẹ́ni.

Mo fi bí oṣù kan gbé ọ̀rọ̀ náà sínú. Ní ilé iṣẹ́, àwòrán ọ̀nà tuntun ni mo ń tẹ̀ fún ẹgbẹ́, igba ẹ̀dà, àmì ìtì sì wà ní kọ́nà odò lórí gbogbo wọn. Àwọn oníbàárà ń wọlé wá tẹ ìwé ìgbéyàwó, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ káfíńtà lórí káúńtà mi. Wọ́n kò gbé iṣẹ́ lọ fún un mọ́. Ẹnì kan tilẹ̀ fi ọ̀dà kọ “Apààyàn” sí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n ní ó pa ń mu ògì lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo kọjá lọ́jọ́ tó ń fá a kúrò. Ó kí mi, mo kí i, mo tún bi í léèrè bí ara rẹ̀ ṣe ń ṣe. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé èmi yìí, ènìyàn burúkú ni mí.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ wo Ìyá Tíṣà. Yàrá ìsàlẹ̀ ni wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí, nítorí kò lè gun àkàbà mọ́. Bàtà ìgòkè rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n ti ki ìwé ìròyìn bọ inú rẹ̀. Dókítà ti sọ fún un pé inú ilé ni ọ̀pá yóò máa gbé e rìn mọ, òkè ti parí. Ó sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń sọ pé ọjà ti tú. Lẹ́yìn náà ó wò mí. Ó ní, “Mo kọ́ Àfẹ́fẹ́ ní kíláàsì kẹrin. Bí pẹ́ńsù rẹ̀ bá já bọ́, àyè ló máa kọ́kọ́ gbà kó tó bẹ̀rẹ̀ mú un. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣàdédé kọlu ènìyàn. Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?”

Mo sọ fún un. Gbogbo rẹ̀, títí dórí ewé tí mo kó bò ó, títí dórí ọwọ́ tí mo nà. Mo ń retí pé yóò bú mi, mo tilẹ̀ ń fẹ́ kó bú mi. Ó ní, “Ó dáa, o ti sọ fún mi. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni wọ́n ń pè ní apààyàn.” Ó yí ojú sí ògiri, mo sì mọ̀ pé mo lè máa lọ.

Mo mọ ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ fún ọ nìyí, kí o má baà rò pé àìmọ̀kan ni. Bí mo bá pa ẹnu mọ́, òkè wà fún gbogbo ìlú, Àfẹ́fẹ́ nìkan ló lọ. Bí mo bá la ẹnu, ọrùn Àfẹ́fẹ́ yóò bọ́, ṣùgbọ́n Ìyá Onílẹ̀ yóò rí i pé àwa tí a ń tún ọ̀nà ṣe gan-an ni ewu inú rẹ̀. Mo gbé e sọ́tùn-ún, mo gbé e sósì. Ìyàwó mi ní kí n lọ sọ ọ́, ó ní òun kò lè máa bá ẹni tó ń wo inú abọ́ bí ẹni wo kànga jẹun mọ́. Mo lọ.

Kíláàsì kan náà, àga kan náà. Mo sọ ọ́ tán. Ìyá Onílẹ̀ kò bínú rárá, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó rọra sọ ọ́ ni: “Ẹni tó bá ń sáré, mo lè lé e. Ìwọ ni mo fọkàn tán pé o mọ gbogbo orí òkè yẹn. Tó bá jẹ́ pé ìwọ lo gé e, o fi ewé bò ó, o tún nawọ́ pé kí á lé ẹlòmíì, ta ni kí n wá lé báyìí?” Ó mú báàgì rẹ̀, ó ní kí á má bínú, ó lọ. Ní ọjọ́ Ajé, wáyà ti dábùú ilẹ̀ àárín. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn onílẹ̀ méjì mìíràn ti tẹ̀ lé e, àwọn yòókù sì ní kí ni wọn yóò fi ọ̀nà tí kò já síbì kan ṣe.

A ti ń pa á lówe láti kékeré pé òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ohun tí wọn kò sọ fún wa ni pé ẹni tó gbé e lọ sọ́jà náà kì í rí ẹni tí yóò bá a sọ ẹrù kalẹ̀. Àwọn tí a jọ ń gbẹ́ ọ̀nà fún ọdún mọ́kànlá, bí mo bá ń bọ̀ lápá ọ̀tún, apá òsì ni wọ́n ń gbà. Akọ̀wé bi mí lójú pópó pé kí ló dé tí mi ò lè fi ìyẹn pamọ́ fún ara mi. Ó ní ẹnì kan ló ń jìyà tẹ́lẹ̀, pé mo ti wá pín in kárí. Òun náà kò parọ́.

Wọ́n ní kí n pa ọ̀nà náà rẹ́, nítorí èmi ni mo mọ ibi tí gbogbo àmì wà. O mọ bí a ṣe ń ṣe é bí ọ̀nà bá ti gbó: a ó tú ilẹ̀ tó ti le, a ó wọ́ ẹ̀ka dí ẹnu rẹ̀, a ó ha ọ̀dà kúrò lára igi, koríko yóò sì ṣe ìyókù. Nígbà kan rí, ayọ̀ ló jẹ́, nítorí a máa ń ṣí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fi ọjọ́ mẹ́fà ṣe é, èmi nìkan. Ní ọjọ́ kẹta, tọkọtaya kan bá mi níbi tí mo ti ń wọ́ ẹ̀ka, wọ́n kí mi kú iṣẹ́, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ ń tún ọ̀nà ṣe ń ṣe wàhálà tó báyìí. Mo ní ẹ ṣé.

Mo kó àwọn pátákó sínú ọmọlanke, mo kó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àfẹ́fẹ́ lánàá, nítorí òun ló ṣe wọ́n. Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, mi ò ní fi nǹkan pamọ́. Mo ti ń ro ìrìn yẹn láti ọjọ́ ìpàdé. Mo ti ń sọ fún ara mi pé bí gbogbo ayé bá kọ̀ mí, ẹnì kan ṣá wà tí ohun tí mo ṣe ṣe láǹfààní. Mi ò retí kó dì mọ́ mi. Mo kàn rò pé yóò fún mi lága.

Ó ń fá ilẹ̀kùn kan lọ́wọ́. Ó dá iṣẹ́ dúró, ó wo àwọn pátákó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n ti ògiri, ó kọ ojú wọn sínú. Mo ní, “Mo wá tọrọ àforíjì.” Ó ní, “Mo ti gbọ́.” Ó sọ ìyókù láìgbójú sókè. Ó ní, “Wọ́n bà mí lórúkọ jẹ́, èmi mọ̀ pé kì í ṣe èmi, mo ti ń bá a gbé. Kí o tó la ẹnu, àwọn ọmọ mi méjèèjì ṣì ń gun òkè yẹn ní gbogbo Sátidé. Èmi á dúró sídìí wáyà ilé ìwé, màá máa gbọ́ ohùn wọn bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn tó mi. Ta ló wá bẹ̀ ọ́?”

Ó padà sórí ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo ti ọmọlanke mi jáde.

Ọ̀rẹ́ mi, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ kí o kọ padà. Má kọ ọ́ pé mo ṣe dáadáa, mi ò ní gbà á gbọ́. Má sì kọ ọ́ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí yóò dára, nítorí mo ti ka iye ọdún tó kù fún mi tí mo lè fi gbé ṣọ́bìrì, kò tó èyí tí a fi la ọ̀nà náà. Bí o bá fẹ́ bú mi, bú mi, ìwọ ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i jù. Ṣùgbọ́n kọ̀wé, jọ̀ọ́. Láti àárọ̀ títí di ìsinsìnyí, ìyàwó mi nìkan ló bá mi sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ iyọ̀ tó tán nílé sì ni.

Bá mi kí àbúrò mi, ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ ni kí o sọ fún un, má jẹ́ kó ka lẹ́tà. Bá mi kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ẹni tí ẹ jọ ń gbé ilé, baba tó fẹ́ràn ayò yẹn. Má sì gbé nǹkan wúwo pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ.

Èmi náà ni, ẹni tìrẹ bí o bá ṣì gbà mí bẹ́ẹ̀,

Aláyùn.